Ọ̀rọ̀ ìyanu nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ ìyanu jẹ́ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kan nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń fi ìyàlẹ́nu, ìrora, ìríra tàbí ayọ̀ hàn lójijì, tàbí tí a fi ń pe àkíyèsí ẹlòmíràn. Lára wọn ni “oh”, “ouch”, “ugh”, “wow” àti “hey”. Wọn kì í ṣe olùwà tàbí àbọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe kankan kò sì so mọ́ wọn. Bí a bá yọ “oh” kúrò nínú “Oh, the bus has gone”, gbólóhùn tó kù ṣì pé pérépéré.

Dídá tí wọ́n dá dúró yìí ló mú kí àwọn onígírámà máa jiyàn lórí wọn tipẹ́. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ kà wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè Látìnì, tí Donatus ti ọ̀rúndún kẹrin wà lára wọn, fún wọn ní ìsọ̀rí tiwọn, èyí sì ni gírámà Gẹ̀ẹ́sì jogún. Ní 1786, John Horne Tooke, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ko ìpín náà pátápátá: ó ní bí a bá lè pe ọ̀rọ̀ ìyanu ní ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, díẹ̀ ló kù kí a pe igbe ẹṣin, gbígbó ajá àti ikọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ó bù wọ́n kù jù, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ kọ́ “ouch” kó tó lè lò ó.

Síbẹ̀, ìró wọn ṣàjèjì lóòótọ́. “Shh” àti “psst” kò ní fáwẹ̀lì kankan, nígbà tí “tsk” dúró fún ìró kan tí a fi ahọ́n ta lẹ́yìn eyín, irú èyí tó jẹ́ kọ́ńsónáǹtì gidi nínú èdè Zulu àti Xhosa. Felix Ameka, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Gánà, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1992, ya irú wọ̀nyí, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti inú ìsọ̀rí mìíràn wá, bíi “well” àti “heavens”.

Nínú ìwé kíkọ, àmì ló ń ṣe iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe lẹ́nu. Kọ́mà ló ń tẹ̀lé èyí tí kò le, àmì ìyanu ló ń tẹ̀lé èyí tó le. Ọ̀rọ̀ ìyanu ni “well” nínú “Well, they played”. Nínú “They played well”, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. “O” yàtọ̀ sí “oh”: lẹ́tà ńlá ni a máa ń fi kọ ọ́, inú àdúrà àti ewì ló pọ̀ sí, a kì í sì í fi kọ́mà sáàárín rẹ̀ àti ẹni tí à ń pè, bíi “O Lord”. Ìwé òfin àti àpilẹ̀kọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í sábà lo ọ̀rọ̀ ìyanu àyàfi nínú ọ̀rọ̀ tí a fà yọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú eré oníṣe àti àtẹ̀jíṣẹ́.