Kí Ló Dé Tí Ojú Tẹlifíṣọ̀n Fi Dúdú Nínú Fọ́tò Àtijọ́?

Àwọn fọ́tò tí àwọn ìdílé Amẹ́ríkà yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn láàárín ọdún 1950 sí 1970 ń káàkiri orí ayélujára, ìbéèrè sì ń rọ́ wọlé.

Ṣé àwọn tẹlifíṣọ̀n náà ti bàjẹ́ ni?
Rárá.

Kí ló wá mú kí ojú wọn dúdú?
Nígbà míì, wọn ò tàn án ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ tàn án, fíláàṣì kámẹ́rà mọ́lẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, á sì bo àwòrán inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò lo fíláàṣì náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìlà ni tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn fi ń ya àwòrán, láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Amẹ́ríkà. Bí kámẹ́rà bá yára ṣẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀já dúdú á gba ojú rẹ̀ kọjá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń múra dúró tì í bí ẹni dúró ti ìyàwó tuntun?
Ohun iyì ni. Ní 1950, nǹkan bí ilé 9 nínú 100 ló ní tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di 1960, wọ́n ti lé ní 85. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa nínú àwọn fọ́tò yìí: fọ́tò ìgbéyàwó, ìkòkò òdòdó, aṣọ kékeré tí wọ́n fọwọ́ hun. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n gbé lé e lórí ló sọ ipò rẹ̀ nínú ilé ju ohun tó ń fi hàn lọ. Lẹ́yìn tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní October 31, 1959, pálọ̀ tiwa náà bá wọn dé ìdí ẹ̀.

Ṣé gbogbo ayàwòrán ló rí i bẹ́ẹ̀?
Ó tì o. Lee Friedlander rìn káàkiri Amẹ́ríkà, ó ń ya yàrá tí kò séèyàn, tí tẹlifíṣọ̀n nìkan ń tàn níbẹ̀. Ìwé ìròyìn Harper's Bazaar gbé díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò náà jáde ní 1963. Nínú èyí tó yà ní Galax, ní Virginia, lọ́dún 1962, ojú ọmọdé kan gba gbogbo gíláàsì, ó ń wo ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó bà mí lẹ́rù gan-an: ojú èèyàn wà níbẹ̀, ẹnì kankan ò sí nílé.

Mo ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ bi àwọn àgbà nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láyé, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù rọra kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí AI fi àwòrán kún ojú dúdú yẹn. Irọ́ ló máa pa mọ́ àwọn òbí yín.

Tẹlifíṣọ̀n náà gan-an ṣì wà. Ṣé mo lè tú u wò?
Ẹ má dán an wò. Kódà bẹ́ ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, iná tó lágbára gan-an ṣì lè wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni kẹ́ ẹ gbé e fún.