Kálíbà ìbọn ìléwọ́ àti yíyan ìbọn àkọ́kọ́

Kálíbà ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pe ọta ìbọn àti ihò ọ̀pá ìbọn tí ọta náà ń gbà jáde. Ínṣì tàbí mìlímítà ni wọ́n fi ń kọ ọ́: .22 jẹ́ ìdá 22 nínú 100 ínṣì kan, .45 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ínṣì. Ẹni tó fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ìbọn ṣe lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ ọta nìkan ni nọ́ńbà náà ń sọ, ìgbà mìíràn sì wà tí kò sọ ìyẹn gan-an bó ṣe yẹ. Kò sọ bí ẹ̀tù ṣe pọ̀ tó, bí ọta ṣe wúwo tó, tàbí bó ṣe máa sáré tó.

Inú kátíríìjì

Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì kan: agolo tí wọ́n sábà ń fi idẹ ṣe, ohun ìdáná ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù, àti ọta, tó sábà jẹ́ òjé tí wọ́n fi bàbà bò. Bí abẹ́rẹ́ inú ìbọn bá gbá ìdí agolo, ohun ìdáná á gbiná, ẹ̀tù á jó, èéfín gbígbóná á sì fi ipá ti ọta jáde. Àwọn ilà tó lọ́ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn ló ń mú kí ọta máa yí bó ṣe ń lọ, kó lè lọ tààrà. Nínú .22 Long Rifle, tó ti wà láti 1887, etí ìdí agolo ni ohun ìdáná wà, kì í ṣe àárín. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé tún kì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín.

Orúkọ kì í fìgbà gbogbo bá ìwọ̀n mu

Ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson gbé .38 Special jáde ní 1898, ṣùgbọ́n 0.357 ínṣì ni ọta rẹ̀ fẹ̀. Fífẹ̀ agolo ni orúkọ .38 tọ́ka sí. Nígbà tí .357 Magnum dé ní 1935, ọta tí fífẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ ló ní, àmọ́ agolo rẹ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta gùn ju ti .38 lọ. Ìyàtọ̀ agbára wọn pọ̀ gan-an. Àjọ SAAMI, tó ń ṣètò òṣùwọ̀n ọta ìbọn ní Amẹ́ríkà láti 1926, fi òté 17,000 pọ́ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan lé ipá inú .38 Special, ti.357 Magnum jẹ́ 35,000. Nítorí náà, ìbọn .357 lè yin ọta .38, ṣùgbọ́n ìbọn .38 kò gbọ́dọ̀ yin ọta .357. Torí kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe mú kí agolo .357 gùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti “mìlímítà mẹ́sàn-án”. 9×17, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní .380 ACP, 9×18 Makarov tí Soviet ṣe, àti 9×19 Parabellum kì í ṣe ohun kan náà, wọn ò sì ṣeé fi rọ́pò ara wọn. Nọ́ńbà kejì ni gígùn agolo. Ọta Makarov tilẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ díẹ̀. Ohun tí wọ́n fín sára ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sí ìdí kátíríìjì mu pátápátá, nítorí ọta tó ṣì ibi wọ̀ lè fọ́ ìbọn mọ́ ẹni lọ́wọ́.

9×19, .45 àti àríyànjiyàn tí kò tán

Georg Luger, ará Austria tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló ṣe 9×19 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọmọ ogun ojú omi Jámánì gbà á ní 1904, ti orí ilẹ̀ sì gbà á ní 1908. John Browning ló ṣe .45 ACP ní Amẹ́ríkà. Ìbọn M1911 tó ń lò ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láti 1911 títí di 1985, tí wọ́n yan Beretta oní-9×19 dípò rẹ̀.

Ìṣirò díẹ̀ á tan ìmọ́lẹ̀ sí àríyànjiyàn lórí èwo ló dára jù nínú àwọn méjèèjì. Ọta 9×19 tó wúwo tó gíráàmù 8, tó ń sáré 350 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń gbé nǹkan bí 490 júùlù. Ọta .45 tó wúwo tó gíráàmù 14.9, tó ń sáré 255 mítà, ń gbé nǹkan bí 484. Agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Àmọ́ bí a bá sọ ìwúwo (ní kílò) di púpọ̀ nípa ìyára, èyí tó ń pinnu bí ìbọn ṣe máa ta ọwọ́ sẹ́yìn, 2.8 la máa rí fún 9×19 àti 3.8 fún .45. Ọta .45 ń ta ọwọ́ ju èkejì lọ pẹ̀lú ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta, láì sí agbára kún agbára. Ti .22 kò tó 1.

Ọlọ́pàá FBI náà gba ọ̀nà yìí kọjá. Lẹ́yìn ìjà ìbọn tó wáyé nítòsí Miami ní April 11, 1986, níbi tí méjì nínú òṣìṣẹ́ wọn ti kú, wọ́n ní 9×19 kò tó mọ́. Wọ́n bọ́ sórí mìlímítà 10. Ìyẹn le jù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ni.40 S&W bá jáde ní 1990. Ní nǹkan bí 2015, wọ́n padà sórí 9×19, nítorí ọta tuntun ti dára ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń fi í yìnbọn yára, tí wọ́n sì ń bá ibi tí wọ́n fojú sùn. Ìrírí yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Yíyan ìbọn

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi .22 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, torí ariwo rẹ̀ kéré, owó ọta rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í kọ́ ènìyàn láti máa gbọ̀n kó tó yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, 9×19 ló sábà máa ń kàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré ní ìbọn tó kéré. Ìbọn tó fúyẹ́ ń ta ọwọ́ ju èyí tó wúwo lọ bí ọta wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà; .38 tí kò tó ìdajì kílò le fún ẹni tuntun ju 9×19 ńlá lọ.

Rìfọ́fà, irú èyí tí Samuel Colt gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1836, sábà ń gbé ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú àgbá tó ń yí. Lílò rẹ̀ rọrùn láti lóye, àmọ́ ibi tí ìka ń fà kí ó tó dún sábà máa ń le. Pístù oní-magasíìnì (àpótí ọta kékeré tó ń wọ inú ìdìmú ìbọn) ń gba ọta púpọ̀ (Glock 17, tó jáde ní 1982, ń gba 17), ṣùgbọ́n ó gba agbára láti fa orí rẹ̀, ìyẹn irin òkè tó ń lọ síwájú sẹ́yìn, sẹ́yìn. Ewu kan sì wà nínú rẹ̀ tó ti pa ènìyàn: bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ magasíìnì, ọta kan ṣì lè wà ní ìdí ọ̀pá ìbọn. A gbọ́dọ̀ fa orí ìbọn sẹ́yìn kí a sì fojú wo ihò náà.

Ohun tó dára jù ni kí ènìyàn yá oríṣiríṣi lò ní pápá ìyìnbọn, lójú olùkọ́, kó tó náwó.

Ààbò àti òfin

Òfin mẹ́rin tí Jeff Cooper, olùkọ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà, tò jọ ni wọ́n ń kọ́ni níbi púpọ̀: ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ọta, má kọjú ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́, má fi ìka sí ibi tí wọ́n ń fà títí o fi ṣe tán láti yìn, mọ ohun tí o ń yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo tó bá ju 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbọn ìléwọ́ púpọ̀ sì ń ju 150 lọ, nítorí náà ìdí-etí àti awò ojú pọn dandan. Nínú ilé, àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ibi ìbọn, ọta sì ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ lè dé ibẹ̀ rárá.

Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ láyè láti ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21. Ní Britain, lẹ́yìn tí ẹnì kan pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland, ní 1996, wọ́n fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Ítálì, wọn ò jẹ́ kí ará ìlú lo ìbọn ìléwọ́ 9×19 fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí wọ́n kà á sí ọta ológun. Ọta 9×21 ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀ nígbà náà: agolo rẹ̀ fi mìlímítà méjì gùn jù, ọta wọ inú rẹ̀ jìn díẹ̀ sí i, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n kà léèwọ̀.