Bí àwọn àgbà ìlú Baltimore ṣe padà sí ilé ìwé

Àwọn ilé ìwé wa kan máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: wọ́n á kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, ó di ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n á kọrin méjì, wọ́n á pín ìrẹsì àti ọṣẹ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bi ọmọ náà lọ́sẹ̀ kejì pé kí ni orúkọ màmá àgbà tó jókòó tì, ẹ ó rí i pé kò mọ̀ ọ́n.

Ètò kan wà ní Amẹ́ríkà tó gba ọ̀nà míì, Experience Corps ni wọ́n ń pè é. Nínú ètò yìí, àwọn àgbà ló ń wá bá àwọn ọmọ ní ilé ìwé, iṣẹ́ ni wọ́n sì bá wá.

Ọ̀rọ̀ àìlera ló bí i. Dókítà Linda Fried, tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, rí i pé ohun tó ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ òun kọjá egbòogi: wọn ò rí ìdí tí wọ́n á fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ wá nǹkan gidi ṣe. Wọ́n lọ, wọ́n padà, wọ́n ní àwọn ò rí i. Òun àti Marc Freedman, ẹni tó ń wá bí àwọn àgbà á ṣe máa rí iṣẹ́ ṣe láwùjọ, wá jọ gbé ètò kan kalẹ̀ tí iṣẹ́ gidi á fi wà fún wọn. Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò láwọn ìlú márùn-ún. Ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ni wọ́n wá ti fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò jù lọ.

Ẹni 60 ọdún sókè ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè kàwé dáadáa, wọ́n á wádìí bóyá kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, bí wọ́n ṣe ń parí ìjà láàárín àwọn ọmọ láì fi ẹgba sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìwé nínú ilé ìkàwé. Àwọn kíláàsì tó kéré jù lọ, títí dé ìkẹta, ni wọ́n ń rán wọn lọ. Ọmọ tó bá dé kíláàsì kẹrin tí kò lè dá ìwé kà ti wọ gàù, torí inú ìwé ni gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù wà.

Ohun méjì ló gbé ètò náà ró, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń fara wé e kì í sábà mú wọn. Èkíní ni àkókò: wákàtí 15 lọ́sẹ̀, jálẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ń wá báyẹn á mọ ọmọ tí kò jẹun àárọ̀, á mọ èyí tó ń díbọ́n pé òun ń kàwé. Èkejì ni pé wọn kì í rán àgbà kan ṣoṣo lọ sí ilé ìwé kan. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ẹnì kan lónìí, ẹlòmíì á dí àyè rẹ̀. Àwọn fúnra wọn á sì di ọ̀rẹ́, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí ẹni tó ń dá gbé wá lọ́la.

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí ò ní jiyàn pé àjọṣe àti wíwá léraléra ló ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ró. Apàlọ́ kò lè dá pa á: bó bá ní "Ààlọ́ o", ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn, ọmọ gbọ́dọ̀ gbè orin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àlọ́ náà á kú sẹ́nu. Wọ́n á sì tún padà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Owó díẹ̀ ń bẹ fún wọn pẹ̀lú. Kò tó owó oṣù, ó kàn jẹ́ fún ọkọ̀ àti ohun jíjẹ ni, àmọ́ bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, àwọn tó rí jẹ nìkan ni yóò lè wá. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe é ní Baltimore, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lówó lọ́wọ́.

Ibi tó ti máa ń wọ́ ni ọwọ́ olùkọ́. Olùkọ́ tí kò bá pín iṣẹ́ fún àgbà tó wá, orí àga ló máa fi í sí títí aago á fi lù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé ìwé fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kó ẹnikẹ́ni wọlé.

Ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́? Àwọn oníwádìí Yunifásítì Johns Hopkins kó àgbàlagbà 702 jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké: apá kan lọ sí ilé ìwé, apá kejì kò lọ, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn fún ọdún méjì. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn 111 nínú wọn. Apá tó ń tọ́jú ìrántí, tó máa ń sún kì bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, kò sún kì lára àwọn ọkùnrin tó lọ sí ilé ìwé. Ńṣe ló tilẹ̀ tóbi sí i díẹ̀. Lára àwọn obìnrin, ìrìn ni ó ti hàn: wọ́n ń rìn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò lọ sí ilé ìwé lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá o. Ilé ìwé ni wọ́n ń lọ.