Lẹ́yìn Tí Owó Bá Ti Jáde: Bí Ilé Aṣòfin Kwara Ṣe Ń Bèèrè Ìṣirò Lọ́wọ́ Ìjọba

Nígbàkigbà tí ìbò bá ti ń súnmọ́ etílé, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ènìyàn láti Ìlọ́rin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán: ọnọ́rébù wo ló gbẹ́ kànga, ta ló ra tiransifọ́mà, ta ló pín ìrẹsì nígbà iléyá? Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aṣòfin nìyẹn, kò sì tọ́ rárá. Kò sí ibì kankan nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 tí wọ́n ti ní kí aṣòfin ìpínlẹ̀ gbẹ́ kànga. Ohun tí òfin náà gbé lé àwọn aṣòfin 24 tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kwara lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n ṣòfin, kí wọ́n fọwọ́ sí owó kí ìjọba tó ná an, kí wọ́n sì bèèrè bí ìjọba ṣe ná an. Iṣẹ́ kẹta yìí ni kò hàn sójú ayé, òun náà ló sì ṣòro jù. Ẹni tó gbẹ́ kànga kan ti ṣoore fún àdúgbò kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè ìdí tí owó kànga ogún fi jáde tí kànga mẹ́jọ péré fi wà nílẹ̀ ń gba omi fún àdúgbò méjìlá.

Ti bọ́jẹ́ẹ̀tì kò gba àlàyé púpọ̀. Abala 121 òfin ọdún 1999 náà ló ní kí Gómìnà gbé àbá ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ wá síwájú Ilé. Àwọn ìgbìmọ̀ inú Ilé á pe iléeṣẹ́ ìjọba lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ, Ilé á fọwọ́ sí i, Gómìnà á buwọ́ lù ú, ó di òfin. Àwọn oníròyìn a máa pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì jẹ́ àṣẹ láti ná owó. Kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ná an, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé owó náà wà. Ìjọba lè kọ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan kí ó má ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí ọdún fi parí. Bí ó bá sì fẹ́ ná ju iye tí Ilé fọwọ́ sí, tàbí tó fẹ́ ná an sórí ohun tí kò sí nínú ìwé, òfin ní kí ó padà wá gba àfikún ìṣúná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní láti tẹ̀lé owó náà dé ibi tó wọlé sí.

Gbogbo ará gúúsù Kwara ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti Èkó kọ́lé sílé. Àwọn ọmọ ìyá á dá owó jọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àbúrò tó wà ní Òró kí ó bá wọn mójú tó iṣẹ́. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á bèèrè iye tí búlọ́ọ̀kù jẹ́ àti iye tí bíríkìlà máa gbà. Ìyẹn ni bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n kan lè yọjú lójijì lọ́jọ́ Sátidé láti wá wò ó. Ìyẹn ni àbẹ̀wò tí àwọn ìgbìmọ̀ Ilé máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá ti tán tí ilé kò tíì kan páànù ni ìbéèrè gidi ń bẹ̀rẹ̀, fọ́tò tí àbúrò ń fi ránṣẹ́ kò sì ràn án mọ́ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò ní fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Á ní kí àbúrò kó rìsíìtì sìmẹ́ǹtì jáde, á ka iye àpò tó wà lórí wọn, á wá lọ ka búlọ́ọ̀kù tó wà lára ògiri, nítorí iye búlọ́ọ̀kù tó ń jáde nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ti kọ́lé rí. Bí rìsíìtì bá sọ pé igba àpò ni wọ́n rà, tí ògiri sì fi hàn pé àádọ́fà ni wọ́n lò, àbúrò ní láti sọ ibi tí àádọ́rùn-ún yòókù wà. Ó lè ní àlàyé tó dára: òjò ba díẹ̀ jẹ́, wọ́n fi díẹ̀ mọ ẹnu kànga, wọ́n yá aládùúgbò ní mélòó kan. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó ní kí ẹnikẹ́ni má bi òun. Ti ìjọba yàtọ̀ ní ti pé aṣòfin kì í lọ ka búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń bá a kà á.

Ẹni náà ni Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò. Abala 125 sọ ọ́ kedere pé kò sí aláṣẹ kankan tó gbọ́dọ̀ darí rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Gómìnà ló ń yàn án lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba bá dábàá rẹ̀, Ilé Aṣòfin sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí Gómìnà bá fẹ́ yọ ọ́ kí àkókò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó tó, àfi kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn aṣòfin wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ènìyàn 16 nínú 24.

Orí fáúṣà, ìyẹn ìwé tí iléeṣẹ́ ìjọba fi ń sanwó, ni Ọ́dítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ká ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ sanwó fún agbaṣẹ́ṣe kan tó ṣe òrùlé yàrá ìkàwé mẹ́ta ní abúlé kan ní Ìsin. Ojú ewé fáúṣà náà á gbé orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó, orí tí wọ́n ti yọ owó náà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àti ìbuwọ́lù ẹni tó kọ ọ́, ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ti ẹni tó fàṣẹ sí i. Ohun tí Ọ́dítọ̀ ń wá gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú àwọn ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn: lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ìwé iye tí ó bù lé e, ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ẹ̀rọ pé òun dé ibẹ̀ tí òun sì rí i pé iṣẹ́ ti parí, ẹ̀rí pé wọ́n yọ owó orí, àti rìsíìtì. Bí ọ̀kan bá dín nínú wọn, owó náà ti ní ìbéèrè lórí, kódà bí páànù náà bá ń dán lórí ilé. Bí gbogbo wọn bá pé, Ọ́dítọ̀ á tún wo ọjọ́ tó wà lára wọn, nítorí ìwé tó ní iṣẹ́ ti parí kò lè ṣáájú lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Á wo owó méjì tó jáde lọ́sẹ̀ kan náà fún agbaṣẹ́ṣe kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ dín sí iye tó yẹ kó lọ gba àṣẹ lókè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pín iṣẹ́ kan sí méjì kí ó lè yẹ̀ mọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n rí i.

Bí ohun kan kò bá tẹ́ Ọ́dítọ̀ lọ́rùn, kì í pe ọlọ́pàá. Kúẹ́rì ló ń kọ. Kúẹ́rì kì í sọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ohun tó ń sọ ni pé owó báyìí jáde lórí fáúṣà báyìí lọ́jọ́ báyìí, ìwé báyìí kò sí lẹ́yìn rẹ̀, kí iléeṣẹ́ fèsì. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí nìyí, òun náà ló sì wù mí jù nínú rẹ̀. Kò di dandan kí Ọ́dítọ̀ fi olè hàn. Ẹni tó buwọ́ lu fáúṣà ló máa fi hàn pé owó náà ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yọ ọ́. Bí iléeṣẹ́ bá wá ìwé tó sọnù rí, kúẹ́rì ti kú nìyẹn. Bí kò bá rí i, kúẹ́rì á wọ inú àbọ̀ ìwádìí tó ń lọ sílé aṣòfin.

Òfin ní kí Ilé gbé àbọ̀ náà fún ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìjọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Kọmíṣọ́nnà ló máa wá dáhùn níwájú ìgbìmọ̀ yìí. Akọ̀wé Àgbà iléeṣẹ́ ni, nítorí òun ni ìlànà ìnáwó ìjọba mọ̀ sí ẹni tó ń jíhìn owó. Kọmíṣọ́nnà lè lọ nígbà tí ìjọba bá yí padà. Akọ̀wé Àgbà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì tó ń retí. Akọ̀wé Àgbà tó bá mọ̀ pé òun lè jókòó síwájú ìgbìmọ̀ náà lọ́jọ́ kan ní ìdí tó fi lè sọ fún Kọmíṣọ́nnà tó pàṣẹ ìnáwó lẹ́nu lásán pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú fáìlì." Gbólóhùn kékeré yìí lè dá owó púpọ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bí a ṣe lè ka iye tó dá dúró.

Abala 128 àti 129 fún Ilé ní agbára láti pe ẹlẹ́rìí, láti gba ìwé, àti láti fi wáráǹtì mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Agbára náà ní ààlà: ìpinnu Ilé ló gbọ́dọ̀ bí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ ìpinnu náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ Ilé tàbí ìwé ìkéde ìjọba. Aṣòfin kan ṣoṣo tó bá dá lọ sí iléeṣẹ́ kan lọ gba fáìlì kò ní in. Ìdí méjì péré ni òfin sì fi fàyè gbà á: kí Ilé lè ṣòfin, kí ó sì lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìṣedéédéé àti ìnákúnàá. Níbi ìnákúnàá yìí ni ìbéèrè owó ti ń di ìbéèrè nípa ètò ìjọba fúnra rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé ọdún mẹ́ta léraléra ni owó àtúnṣe ọ̀nà ìgbèríko kò jáde tó ìdajì, tí owó ìrìnàjò òṣìṣẹ́ sì ń kọjá iye tí wọ́n kọ, kò sí ẹni tó jalè níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tí ìjọba náà kà sí pàtàkì.

Ibi tí ètò yìí ti ń jò ni àkókò. Òfin fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ní 90 ọjọ́ láti fi àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí Akáǹtáǹtì Àgbà, ẹni tó ń kọ ìwé ìṣirò owó ìpínlẹ̀, bá gbé ìwé náà fún un ni òǹkà náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Abala náà kò dá ọjọ́ fún Akáǹtáǹtì Àgbà, kò sì dá ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ Ilé gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìwé bá pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, Ilé tó fọwọ́ sí owó náà lè ti lo ọdún mẹ́rin rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Ètò tí Báńkì Àgbáyé fi san owó fún àwọn ìpínlẹ̀ tó gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìṣirò tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, mú kí ìwé wọ̀nyí tètè máa jáde. Síbẹ̀, ìwé ìṣirò yàtọ̀ sí àbọ̀ tí kúẹ́rì wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ owó ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Ìkejì ló ń dárúkọ fáúṣà.

Owó tí Ilé fúnra rẹ̀ ń ná náà jẹ́ ìṣòro, nítorí ó ṣòro kí ènìyàn dojú ìbéèrè kọ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ tọrọ owó iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 2018, wọ́n tún òfin ṣe kí owó àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin káàkiri ìpínlẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn gómìnà kò mú un ṣẹ.

Ará ìlú lè rí àbọ̀ ọ́dítọ̀ gbà. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà tó bá ń bèèrè bí ìjọba ṣe ń náwó lápapọ̀ kò ní mú ohun gidi bọ̀. Èyí tó bá dárúkọ ọdún, tó dárúkọ iléeṣẹ́, tó bèèrè kúẹ́rì tí Ọ́dítọ̀ kọ sí i, èsì tí Akọ̀wé Àgbà fún un, àti ohun tí ìgbìmọ̀ Ilé dábàá lórí rẹ̀, ni ó yẹ kí a kọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fi ẹnu béèrè, òfin náà sì ní kí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ bá a kọ ọ́ sílẹ̀.