Ìpè ayédèrú ohùn Biden ní New Hampshire (2024)

Lọ́jọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣe ìdìbò abẹ́lé ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdìbò gba ìpè kan tí ohùn inú ẹ̀ jọ ti Ààrẹ Joe Biden. Ohùn náà ní kí wọ́n tọ́jú ìbò wọn di oṣù Kọkànlá, irọ́ sì ni, torí ẹni tó dìbò abẹ́lé ṣì máa dì nínú ti gbogbogbòò. AI ni wọ́n fi ṣe é. Steve Kramer, tó máa ń báwọn olóṣèlú ṣètò ìpolongo, ló wà nídìí ẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ fún Dean Phillips tó ń bá Biden du tíkẹ́ẹ̀tì rí, àmọ́ àwọn Phillips ní àwọn ò mọ̀ sí i. Onídán kan ní New Orleans ló bá a ṣe ohùn náà, ó ní 150 dọ́là ni wọ́n san fóun.

Bí ìpè náà ṣe kọjá

Ohùn yẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló ṣe pàtàkì jù níbí. Nọ́ńbà tó ń hàn lójú fóònù mú kó dà bíi pé akápò ẹgbẹ́ kan tó ń polongo fún Biden ló ń pè. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní STIR/SHAKEN, ilé iṣẹ́ fóònù tí ìpè ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì A, B tàbí C sí i kó tó jáde: A túmọ̀ sí pé wọ́n mọ oníbàárà yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lo nọ́ńbà tó fi ń pè, C sì rèé, wọn ò lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà rárá. A ni Lingo Telecom, ilé iṣẹ́ fóònù tí ìpè yìí ti jáde, fi sáwọn ìpè náà láì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn bó ṣe yẹ ni, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà náà ti já irọ́ wọn kó tó dórí ọ̀rọ̀ ohùn.

Òfin àti ẹjọ́

Lọ́jọ́ 8 oṣù Kejì, FCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ní òfin ọdún 1991 tó de ìpè ẹ̀rọ kan ohùn AI náà. Lingo san mílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 6 dọ́là lé Kramer lórí. Nílé ẹjọ́ ìpínlẹ̀, ó ní ńṣe lòun fẹ́ káwọn èèyàn rí ewu tó wà nínú AI, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2025.

Biden, tórúkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ sí lórí ìwé ìdìbò, táwọn èèyàn ń fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí i, ló wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé náà.