Mẹ́sáàjì kì í ṣe owó

Iṣẹ́ momo, ìyẹn fífi fóònù fi owó ránṣẹ́, ni mò ń ṣe ní Kétu níbí ní Bẹ̀nẹ̀, mò ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́, mo sì ń san án fún wọn tó bá dé, kò sọ́jọ́ tí wọn kì í bi mí pé ṣé èèyàn lè fọkàn tán nǹkan yìí báyìí. Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ dáhùn ẹ̀, torí ó dá lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí fóònù ṣe fún yín.

Lọ́jọ́ kan, màmá kan tó ń ta gààrí wọlé, ó na fóònù sí mi. 45 000 fránkì ti wọlé fún yín, ohun tí mẹ́sáàjì sọ nìyẹn. Ẹnì kan sì ti ń pè é láti àárọ̀, ó ń sunkún pé òun ṣi nọ́ńbà tẹ̀, kí màmá jọ̀ọ́ dá owó òun padà, ọmọ òun ń ṣàìsàn. Màmá ti ń tú owó gààrí ní etí aṣọ kí n lè bá a fi ránṣẹ́. Mo ní màmá, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká wo kọ́ńtì yín ná. 3 200 ló wà níbẹ̀, iye tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo wá fi òkè mẹ́sáàjì yẹn hàn án, nọ́ńbà ẹnì kan lásán ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ momo, ó fi 01 bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi tiyín. Màmá ṣáà ń sọ pé, "Fóònù ló mà sọ bẹ́ẹ̀ o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù ò sọ nǹkan kan. Èèyàn ló kọ ọ́, fóònù kàn gbé e dé ni, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí ò mọ̀ bóyá irọ́ ni wọ́n fi rán òun.

Kì í ṣe torí pé màmá ò mọ̀wé o. Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó ń jẹ́ ELIZA. Kò lóye ohunkóhun, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ sí i ló máa yí po, tó máa fi bi yín ní ìbéèrè padà. Síbẹ̀ sẹ́kírítárì Weizenbaum, tó ń wò ó bó ṣe ń ṣe é, bá nǹkan náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ló bá ní kí ọ̀gá òun jọ̀ọ́ jáde kúrò nínú yàrá, bí ẹni tó ń bá èèyàn gan-an sọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

John Lee àti Katrina See, àwọn olùwádìí tó kọ̀wé nípa bí èèyàn ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ, kọ ọ́ ní 2004 pé ọ̀nà méjì lèèyàn máa ń gbà ṣìṣe: ká gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ju agbára ẹ̀ lọ, tàbí ká fura sí i débi tá ò ní lò ó níbi tó ti wúlò. Mò ń rí méjèèjì. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó máa ń di owó ọjà sínú àpò, á gun zemijan, ìyẹn ọ̀kadà, lọ san án fúnra ẹ̀, torí kò gba momo gbọ́, ojú ọ̀nà tó ń gbà lọ yẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù ju momo lọ.

Tó bá jẹ́ ká gbé owó láti Kétu dé Àjàṣẹ́, ẹ fọkàn tán an, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ pé ta ló ń pè yín, ṣé òótọ́ ló ń sọ, fóònù ò lè bá yín mọ ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó dá kọ́bọ̀ padà, ẹ wo kọ́ńtì fúnra yín, ẹni tó bá mọ owó kà mọ nọ́ńbà kà.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ kóòdù yín fún mi. Ọ̀pọ̀ yín máa ń na fóònù sí mi, ẹ á sì ké kóòdù jáde létí gbogbo ẹni tó tò sórí ìlà. Mo mọ̀ pé torí ẹ fẹ́ràn mi ni, ṣùgbọ́n ẹ gba fóònù yín, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní bínú.