Bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ìjọ

Ẹni tó bá ń wá ìtàn àlùfáà Áńgílíkà ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé Crockford, tó jẹ́ àkójọ orúkọ àti ìtàn iṣẹ́ àwọn àlùfáà, ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ọdún 1858 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Yunifásítì tí àlùfáà lọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó di díákónì (oyè tó ṣáájú ti àlùfáà), ọdún tó di àlùfáà, àti páríṣì, ìyẹn àdúgbò ìjọ, tó ti sìn. Ọdún díákónì yẹn wúlò gan-an: ẹni tí kò tíì pé ọdún 23 kì í sábà jẹ oyè náà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní 1860, ìrìbọmi rẹ̀ ní láti 1837 sẹ́yìn ni kí a wá.

Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà fúnra wọn ló ń fi ìròyìn ara wọn ránṣẹ́ sí Crockford. Ẹni tí kò bá fèsì, ìtàn rẹ̀ á lábùkù. Ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni ẹlẹ́rìí tòótọ́. Láti 1538 ni wọ́n ti pàṣẹ kí páríṣì máa kọ ọ́, àmọ́ òfin ìgbéyàwó 1753, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1754, ló mú kí àlùfáà tó so tọkọtaya pọ̀ máa fọwọ́ sí i. Láti 1813, ìwé tuntun ní àyè fún orúkọ ẹni tó ṣe ìrìbọmi tàbí ìsìnkú.

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn jù. Bí a ṣe ń ṣí ewé, a ó rí ọjọ́ tí ọwọ́ ìkọ̀wé kan kọ́kọ́ yọjú, a ó rí i tó ń gbọ̀n bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, títí ọwọ́ ẹlòmíràn á fi gbà á. Bí ọwọ́ àjèjì bá gba oṣù mélòó kan láàárín, ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ pé àlùfáà ń gbé ibòmíràn, tó sì ń sanwó fún igbákejì. Ìfọwọ́síwèé yìí náà la fi ń ya bàbá àti ọmọ tó jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Ẹ̀dà ìwé páríṣì tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù láyé ìgbà náà kò tó fún èyí, torí akọ̀wé ló lè dà á kọ.

Ní ti àwọn tó lọ sókè òkun, ìwé CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà) wà ní Yunifásítì Birmingham. Atọ́ka lè sọ pé Samuel Àjàyí Crowther di àlùfáà ní London ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Iṣẹ́ tó ṣe ní Abẹ́òkúta láàárín ọdún méjèèjì, inú lẹ́tà rẹ̀ la ti ń kà á.